Tẹlifíṣọ̀n Tó Sọ Ìyá Mi Di Ẹni Tó Sanra

Ìyá mi tí mo ṣẹ̀,

Èmi ni, àkọ́bí yín. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé, nítorí náà Yétúndé, ọmọ mi, ló jókòó síwájú mi tó ń kọ ohun tí mo ń sọ. Èdè Rẹ́mọ wa ni mo fi ń sọ ọ́, òun ló ń yí i sí Yorùbá inú ìwé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún tèmi, kò sì gbọdọ̀ yọ èyí tó bá korò kúrò. Tí ẹkún bá dé, kó gbé bírò sílẹ̀, kó sun ún tán, kó tún gbé bírò.

Ẹ kò mọ Yétúndé. Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí ẹ kú la bí i. Àwọn ará ilé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, èmi kò lóhùn sí i. Ohun tó wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ ìkómọ náà ni pé, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ń padà bọ̀, kí ló dé tí ẹ kò kúkú dúró kí a parí ìjà wa? Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ìlíṣàn ló ń gbé, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan níbi tó ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi yín. Ó máa ń wá wò mí ní Ibido níbí lópin ọ̀sẹ̀, á gbálẹ̀, á se ọbẹ̀ sílẹ̀, á sì bá mi jà pé n kò jẹun dáadáa.

Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ti wá bá yín. Ó pé ọdún méjì. Ṣé ẹ ti rí i níbẹ̀? Ṣé ẹ kí i dáadáa? N kò fi ìbéèrè yìí bá yín jà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí Yétúndé náà lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, ẹ ń ṣa obì lórí ẹní, ẹ ń ya èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀. Ọdún keje nìyẹn tí mo ti fẹ́ Àbẹ̀kẹ́, kò sì tíì bímọ. Ẹ kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ẹ ní kí n wá fẹ́ ìyàwó mìíràn, pé ẹ ti bá mi rí ọmọ ẹnì kan ní Ìpẹ̀rú. Àbẹ̀kẹ́ wà ní ilé ìdáná lẹ́yìn yín, ó ń gbọ́. Mo gbọ́ tí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní tí ilé yìí bá ti kéré jù fún ìyàwó mi, ó kéré jù fún èmi náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jáde, a lọ ń gbé inú yàrá kan tí mo kọ́ sí etí oko. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé fìlà mi sórí ìṣó lára ògiri yàrá yín.

Ẹ ó rántí fìlà náà. Àrán búlúù ni, ẹ̀yin lẹ rà á fún mi nígbà ìgbéyàwó mi. Nígbà tí eku jẹ ẹ́ létí, Àbẹ̀kẹ́ kò rí aṣọ búlúù, ó fi aṣọ pupa lẹ̀ ẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí. Ẹ ní ta ló gbọ́ àbùlẹ̀ pupa lára àrán búlúù rí. Èmi kò tìtorí ìyẹn pa á tì. Òun ni mo ń dé lọ síbi gbogbo.

Oṣù karùn-ún tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín ni Àkànní àbúrò mi ṣí ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ránṣẹ́ pè mí. Lẹ́ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi lóko. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ro ìdí obì, n kò dáhùn títí ó fi lọ. Lọ́jọ́ ìṣílé náà, oko ni mo wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kú. N kò tíì wá bẹ̀ yín. Mo wá, a sin yín, mo da yẹ̀pẹ̀, n kò sunkún. Nígbà tí mo wọ yàrá yín láti mú fìlà mi, ìṣó nìkan ló kù lára ògiri. Mo wo Àkànní tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo dá a lẹ́bi lójú ẹsẹ̀ pé òun ló gbé e. N kò bi í. Láti ọjọ́ náà n kò mu omi nílé rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nítorí fìlà kan.

Wọ́n ya fídíò níbi ìṣílé náà. Àkànní fi kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lẹ́yìn ìsìnkú, Àbẹ̀kẹ́ gbà á, ó fi í sínú agolo bisikíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́dọọdún, nígbà ọyẹ́, tó bá ń kó aṣọ rẹ̀ jáde sóòrùn, á yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, á fi aṣọ nù ún.

“Bàbá Yétúndé, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó nílé ẹnì kan.”

“Mi ò ní wo àríyá ẹni tó jí fìlà mi.”

Á dá a padà sínú agolo. Ìyá mi, gbogbo ọyẹ́ tó kọjá lórí wa ló fi bi mí, èsì kan náà ni mo ń fún un. Kí ló dé tí kò bínú, kó kàn sọ ohun tó mọ̀ fún mi? Mo ti wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Màá dé ibẹ̀.

Nígbà tó kú, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni mo tó gbà kí Yétúndé palẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ó gbé agolo náà wá bá mi níta, ó bi mí pé kí ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí. Mo ní ẹ̀yin ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní òun ń jẹ́ orúkọ ẹni tí òun kò mọ ojú rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí a ní, ikán ti jẹ ẹ́ láti imú dé àgbọ̀n.

Ìyá mi, èmi náà ti gbàgbé ojú yín. Mo mọ ohùn yín. Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń fi àtàǹpàkò nu ojú obì, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀, kí ẹ tó gbà pé ó mọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá dijú, ojú yín kì í wá. Ohun kan tún wà tó ju ìyẹn lọ. Mo fẹ́ rí bí ẹ ṣe ṣe lọ́jọ́ yẹn tí àkọ́bí yín kò wá. Bí ẹ bá ń jó, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, á jẹ́ pé ẹ ti yọ mí kúrò lọ́kàn kí ẹ tó kú. Bí ojú yín bá le, á jẹ́ pé ìbínú mi lẹ gbé lọ. Èyí tó wù kó jẹ́, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n kí èmi náà tó kú.

Yétúndé ti ra tẹlifíṣọ̀n tuntun kan fún mi ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀kan nínú àwọn tí kò ní ikùn lẹ́yìn mọ́, tó fẹ̀ bí ẹní, tó sì pẹlẹbẹ bíi pákó. Ó ní àwòrán inú rẹ̀ mọ́ ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Èmi rò pé tí a bá fi yín sínú nǹkan tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà á mọ́. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní ẹ̀rọ fídíò mọ́ ní àdúgbò wa. Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún wa ní Ògèrè, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá máa ń dúró sí. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Gbogbo ayé ń pè é ní Ẹnjiníà. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Èéhù ti funfun sára rẹ̀, irú èyí tó máa ń bo obì tí a kò bá tètè pààrọ̀ ewé rẹ̀.

“Bàbá, obìnrin wo lẹ ń fi èyí pamọ́ fún tó pẹ́ báyìí?”

“Ìyá mi ni.”

Kò tún ṣe àwàdà mọ́. Ó gbà á, ó ní kí a padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Nígbà tí a dé, ó ti tú u, ó ti nù ún, ó ti dì í padà. Ó yá wa ní ẹ̀rọ fídíò kan tó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Ó ní kí a má fọwọ́ kàn án o, òun fúnra òun yóò wá so ó lọ́jọ́ Sátidé, nítorí pé inú kásẹ́ẹ̀tì náà ti gbó.

“Ẹ̀ẹ̀kan, ó dá mi lójú pé á ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ṣeé ṣe. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ má bi mí.”

Ọjọ́ Ẹtì ni. Ẹ mọ̀ mí. N kò lè dúró di ọjọ́ kejì. Bí a ṣe délé ní ọ̀sán, mo ní kí Yétúndé so ó. Ó ní kí a ṣe sùúrù. Mo ní ta ni bàbá láàárín àwa méjèèjì.

Wáyà tó bá ẹ̀rọ náà wá ní orí mẹ́ta, pupa, funfun àti yẹ́lò. Yétúndé wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

“Bàbá, ihò yẹ́lò kò sí níbí.”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Aláwọ̀ ewé, búlúù, pupa méjì, funfun kan.”

“Fi yẹ́lò sínú aláwọ̀ ewé.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ọsàn wo lo rí tó di yẹ́lò láìkọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé? Ẹbí kan náà ni wọ́n. Tì í bọ̀ ọ́.”

Ó tì í bọ̀ ọ́. Kò fẹ́ bá mi jiyàn. Àwòrán jáde, ṣùgbọ́n kò ní àwọ̀ kankan, gbogbo rẹ̀ rí bí eérú. Ó wà láàárín tẹlifíṣọ̀n, dúdú sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo rí àgọ́ tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, mo rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ti kú. Mo bi Yétúndé pé kí ni dúdú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yẹn. Ó ní bí wọ́n ṣe ya á nìyẹn, pé tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn kò fẹ̀ báyìí.

Àgbẹ̀ ni mí, Ìyá mi. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ láìro. Mo ní ṣé ènìyàn á ní ilẹ̀ tó fẹ̀ báyìí, kó wá ro àárín nìkan. Mo ní kó fà á kó kún. Ó tẹ rìmóòtù. Àwòrán náà fẹ̀ kún gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà yẹn gan-an lẹ wọlé.

Obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Yétúndé rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ah, Bàbá, báyìí ni ìyá àgbà ṣe sanra tó?”

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní ìyá mi kò sanra rí. Ẹ kò sanra rí láyé yín. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ yín ń pè yín. Mo ní kó ṣe nǹkan sí i. Ó tún tẹ rìmóòtù. Ara yín fọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sún yín mọ́ wa jù, ó gé gèlè yín lókè, ó gé yín láti itan dé ilẹ̀. Mo rí nǹkan dúdú kan tó yọ díẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, mo rò pé pọ́ọ̀sì ni. Kí n tó wí pé kó tún un tẹ̀, kámẹ́rà ti kúrò lára yín, ó ti bá àwọn tí ń jó lọ.

“Kí n dá a padà sẹ́yìn, Bàbá?”

“Má fọwọ́ kàn án. Pa á.”

Mo jáde, mo lọ jókòó lábẹ́ ọ̀pẹ. Ẹ̀ẹ̀kan tó dá Ẹnjiníà lójú, mo ti ná an tán. Ojú obìnrin kan tó sanra ni mo fi í rà. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń rò ó pé bí mo ṣe ṣe fún yín nígbà ayé yín náà nìyẹn. N kò dúró. N kò bi yín. Ohun tí mo fẹ́ ni mo fà yín sí, nígbà tí ẹ kò sì rí bẹ́ẹ̀, mo bínú jáde.

Ẹnjiníà dé lọ́jọ́ Sátidé lórí ọ̀kadà, báàgì rẹ̀ ní ọrùn. Ó yọjú sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

“Ta ló ki yẹ́lò bọ inú ihò aláwọ̀ ewé?”

Yétúndé wolẹ̀. Kò dárúkọ mi. Mo ní èmi ni. Ó bi mí pé kí ni mo rò, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọsàn fún un. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó mi orí.

“Bàbá, tẹlifíṣọ̀n kì í pọ́n.”

Yétúndé sá lọ sí ilé ìdáná, mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ níbẹ̀. Ẹnjiníà wá jókòó, ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ihò aláwọ̀ ewé kì í dá ṣiṣẹ́, òun, búlúù àti pupa kan ló jọ ń gbé àwòrán kan ṣoṣo. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni aláwọ̀ ewé ń gbé, àwọn méjì yòókù ló ń gbé àwọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí bí eérú. Yẹ́lò ní tirẹ̀, òun nìkan ló ń dá gbé gbogbo rẹ̀, ihò rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ní ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó kọjú sí ògiri, níbi tí a kò wò.

Ó rí i pé wáyà alórí mẹ́ta bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá wa gbé tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀ fi so dikódà, àpótí tó ń mú ìkànnì wọlé, mọ́ ihò náà. Ó pòṣé. Ó yọ ọ́, ó mú wáyà kan tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ jáde nínú báàgì, ó fi í dípò rẹ̀. Ọkùnrin kan ń ka ìròyìn. Mo rí òógùn tó wà lórí imú rẹ̀.

“Ẹ rí i? Nǹkan tuntun, wáyà tuntun. Nǹkan àtijọ́, wáyà àtijọ́ rẹ̀, kí ẹ so ó tààrà. Ṣùgbọ́n ti ìyá yín kò ní mọ́ tó èyí o. Ohun tí kámẹ́rà kò rí nígbà yẹn, kò sí tẹlifíṣọ̀n tó lè fi kún un.”

Mo ní mo gbọ́. Ó yọ yẹ́lò kúrò nínú aláwọ̀ ewé, ó tì í bọ ihò tirẹ̀, ó wá gba rìmóòtù. Ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, ó ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣí i sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà lè rí i nìyẹn. Ó dín nǹkan kan kù tó ní ó máa ń mú kí etí àwòrán mú bí abẹ, pé ó dára fún bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n pé á mú kí ojú yín rí bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i. Ó ti fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Ó ní kí a sún àga wa sẹ́yìn, pé a kì í lọ fi imú wo àwòrán àtijọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí.

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí ìyá yín kún tẹlifíṣọ̀n ni, àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n jọ ara wọn?”

Mo sún àga mi sẹ́yìn kí n tó dáhùn.

“Kí wọ́n jọ ara wọn.”

“Ẹ jẹ́ kí dúdú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà níbẹ̀, nígbà náà.”

Yétúndé gbé fóònù rẹ̀ sókè láti fi gba àwòrán náà. Ẹnjiníà dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó di ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà bí ẹni di ọwọ́ lé àyà aláìsàn. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi, mo rí yín.

Ẹ kéré. Ẹ tẹ́ẹ́rẹ́. Gèlè yín funfun, ó wó díẹ̀ sí apá òsì bó ṣe máa ń wó. Ọrùn yín rèé, egungun èjìká yín rèé. Ara gbogbo àwòrán náà ń gbọ̀n díẹ̀, kò mọ́ gara, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni. Mo mọ̀ yín kí n tó mọ̀ pé mo ti mọ̀ yín. Yétúndé kúnlẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó ní kó kúnlẹ̀. Ó kàn kí yín ni.

Àwọn ènìyàn ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹ kò pàtẹ́wọ́. Àkànní wá na ọwọ́ sí yín pé kí ẹ dìde jó, ẹ mi orí. Ojú yín kò le. Ẹ kò rẹ́rìn-ín. Ojú ẹni tó ń retí ènìyàn ni. Ẹnu ọ̀nà lẹ ń wò, gbogbo ìgbà. Tí ẹnì kan bá wọlé, ẹ ó na ọrùn. Tí ẹ bá rí i pé kì í ṣe ẹni tí ẹ ń retí, ẹ ó fà á padà.

Kámẹ́rà wá sún mọ́ yín. Ọwọ́ yín méjèèjì wà lórí itan yín. Nǹkan tí mo pè ní pọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ẹtì, búlúù ni. Àrán búlúù ni. Ẹ ṣí ọwọ́ díẹ̀, mo sì rí àbùlẹ̀ pupa. Àbùlẹ̀ Àbẹ̀kẹ́. Àtàǹpàkò yín wà lórí rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín. Kámẹ́rà lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ tó ń gbàdúrà, ohùn pásítọ̀ náà fà, ó wúwo, ó dákẹ́. Ẹ̀rọ ti jẹ kásẹ́ẹ̀tì náà. Ẹnjiníà fi ọwọ́ fa okùn dúdú inú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, ó ti rún, ó ti já ní ojú méjì. Ó ní òun lè gbìyànjú, ṣùgbọ́n òun kò ní purọ́ fún mi. A wo fóònù Yétúndé. Nígbà tó kúnlẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti wálẹ̀. Ilẹ̀ yàrá ló wà nínú rẹ̀, àti etí ìró rẹ̀, àti ohùn mi tó ń pè yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó kọ lẹ́tà yìí. Kò sí ibòmíràn tí ohun tí mo rí wà mọ́ ju orí mi lọ, orí mi sì ti ń gbàgbé.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. N kò wọ ilé Àkànní rí láti ìgbà tó ti kọ́ ọ. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ṣìnà ni?”

“Fìlà mi dà?”

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti àga kan sí mi.

“Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ẹ tó bi mí. Abẹ́ ìrọ̀rí wọn ló wà nígbà tí wọ́n kú. Wọ́n ti sọ fún wa pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ àwọn, pé ẹ ń bọ̀ wá gbà á. Èmi ni mo fi í sínú pósí pẹ̀lú wọn.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Ìgbà wo lẹ jókòó tì mí? Ìyàwó yín ni mo sọ fún. Òun ló ní kí n fún òun ní kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní tí èmi bá sọ ọ́, ẹ ó ní irọ́ olè ni. Tí òun bá sọ ọ́, ẹ ó ní òun fẹ́ tù yín nínú ni. Ó ní ojú ara yín ni kí ẹ fi rí i.”

Mo jókòó. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá. Mo mu ún. Àkànní wo ife náà títí mo fi gbé e kalẹ̀.

Ìyá mi, ọmọ tí ẹ fẹ́ kí a bí, a bí i. Kì í ṣe ti ará Ìpẹ̀rú, ti Àbẹ̀kẹ́ ni. Orúkọ yín ló ń jẹ́, ó wà níwájú mi níbí, ó ti gbé bírò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ń bọ̀ nígbà tí ẹ ń fọwọ́ pa àbùlẹ̀ ìyá rẹ̀? Ṣé ẹ rán ènìyàn sí mi rí nígbà yẹn, tí wọn kò jẹ́ iṣẹ́ náà fún mi, àbí ẹ kàn dúró? Kí ló dé tí àwa méjèèjì fi mọ ìdúró ju bíbéèrè lọ?

Tẹlifíṣọ̀n náà ṣì wà nínú yàrá. N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa nǹkan kan kó kún un mọ́. Mo ti rí i pé ààyè tó ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ yín kò bà yín jẹ́.

Ẹ bá mi kí Àbẹ̀kẹ́. Ẹ fi fìlà náà hàn án, kó rí i pé àbùlẹ̀ rẹ̀ kò tú. Ẹ sọ fún un pé mo ti wò ó. Kó má bínú pé mo pẹ́.

N kò ní ra fìlà mìíràn. Orí mi ṣófo báyìí, àwọn ará ilé ń bi mí léèrè, n kò dá wọn lóhùn. Ọjọ́ tí mo bá dé, ẹ má bi mí ibi tí mo wà láti ọjọ́ yìí. Ẹ kàn nà án sí mi. Tàbí kí ẹ̀yin fúnra yín dé e fún mi, bí ẹ ṣe ṣe lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, màá bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ yín lè tó o.

Èmi tí ẹ ń wo ẹnu ọ̀nà fún,
ọmọ yín.